Kọ́kọ́rọ́ Etí Ìró

Ẹsẹ̀ Hamdalah kò dúró lójú kan. Ó ń tẹ̀ lé obìnrin tó wọ bàtà òjò kiri inú ilé búrẹ́dì ìyá rẹ̀ ní Ìkòtún. Láti ìgbà tí obìnrin náà ti dé, kò tíì jókòó. Ó gbóòórùn rọ́bà gáàsì. Ó bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè ibi tí wọ́n máa gbà jáde bí iná bá sọ. Ó wá ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kò ṣí.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ó wà létí ìró mọ́mì mi, mà. Àwọn olè máa ń jí ìyẹ̀fun wa gba ibẹ̀ ni, ni mọ́mì bá fi àgádágodo tì í láti ìta."

"Mọ́mì ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n lọ ra bọ́tà."

"Ẹ ò nílẹ̀kùn ẹ̀yìn nìyẹn."

Miriam lorúkọ obìnrin náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa yẹ ààbò ibi iṣẹ́ wò. Ó kọ nǹkan méje sínú ìwé, ó ní kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n fi tún wọn ṣe, kóun tó fọwọ́ sí ohunkóhun. "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ọmọ mi. Kà á fún mọ́mì ẹ."

Ilé-ìwé kan ní Ìgándò ló fẹ́ máa ra búrẹ́dì wọn lójoojúmọ́. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní àfi kí ẹni tó mọ̀ nípa ààbò ibi iṣẹ́ wá láti ìta, kó yẹ ibẹ̀ wò, kó sì kọ̀wé pé kò léwu. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fún wọn. Hàbíbátù, ìyá Hamdalah, kò kàwé. Hamdalah tó wà ní kíláàsì àṣekágbá ló máa ń ka ìwé fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé, ẹni kejì tí wọ́n pè láti wá yẹ ibẹ̀ wò, dé tòun ti kóòtù. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì dìde mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí òróró. "Ìwé yín á jáde lọ́la."

Nígbà tí Hamdalah ń sìn ín lọ, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín sí i. "Ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì báyìí! Tó o bá ṣèdánwò tán, ọ́fíìsì mi ni kó o ti wá ṣiṣẹ́. Ṣá bá mi bá mọ́mì sọ̀rọ̀."

Kílẹ̀ tó ṣú, Hàbíbátù pe Hamdalah. "Èwo la fẹ́ mú nínú àwọn méjèèjì? Kí ni oníbàtà òjò yẹn tiẹ̀ kọ?"

Ìwé Miriam wà nínú àpò Hamdalah. Ó fọwọ́ kàn án. "Kò sí nǹkan gidi níbẹ̀, mọ́mì. Ó kàn ń wá àléébù kiri ni. Ọ̀gbẹ́ni yẹn mọṣẹ́ jù ú lọ."

Sàlàkọ́, àgbà nídìí ààrò, bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tí kò dé ìdí ààrò? Àga ló yẹ̀ wò jàre! Ẹnu dùn-ún ròfọ́."

Hàbíbátù ní kí wọ́n mú Ṣóbọ̀wálé.

Ìwé Ṣóbọ̀wálé jáde lóòótọ́. Hamdalah gbé e kọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá kọjá níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, a máa gbójú kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Hàbíbátù ti lọ sí mọ́ṣáláṣí nígbà tí rọ́bà gáàsì já. Iná sọ, ó dí ọ̀nà iwájú. Níta tí Hamdalah ti ń to búrẹ́dì, ó gbọ́ bí Sàlàkọ́ àti àwọn méjì yòókù ṣe ń lu irin ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Kọ́kọ́rọ́! Hamdalah, kọ́kọ́rọ́!"

Ó sáré gba mọ́ṣáláṣí lọ. Bàtà rẹ̀ kan já sọ́nà, kò wẹ̀yìn. Kóun àti ìyá rẹ̀ tó padà dé, wẹ́dà tó ń jó irin nítòsí ti fi òòlù fọ́ àgádágodo, àwọn aládùúgbò sì ti ń da yanrìn sí iná. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde láàyè. Ọwọ́ Sàlàkọ́ méjèèjì ti bó. Òun ló lọ pa gáàsì.

Ní ọsibítù, Hamdalah fa ìwé Miriam yọ, ó kà á fún wọn láti orí ìkíní dé ìkeje. Èkíní ni: "Ẹ yọ àgádágodo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lónìí." Èkejì: "Ẹ pààrọ̀ rọ́bà gáàsì."

"O ti ka èyí lọ́jọ́ yẹn?" ni Hàbíbátù béèrè.

"Mo kà á, mọ́mì."

"Ìwọ ni mo fi ṣe ojú. Ojú mi ló purọ́ fún mi."

Hamdalah sunkún. Sàlàkọ́ mirí lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ pe oníbàtà òjò, Alhaja. Ẹ má tún mú ẹni tó ń yẹ àga wò wá o."

Ilé-ìwé náà ti bá ibòmíràn lọ. Síbẹ̀, Hamdalah fúnra rẹ̀ ló pe Miriam. Nígbà tí Miriam dé, kò tilẹ̀ wo ìwé ara ògiri. Ó lọ tààrà sẹ́yìn.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Hàbíbátù tú etí ìró rẹ̀ hàn án. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Miriam fi ìka kan ti ilẹ̀kùn náà, ó ṣí gbayawu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò dáàbò bo ẹ̀mí èèyàn, ohun tó ń yẹ̀ wò ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi yín ṣe ojú, ohun tí wọ́n kọ ni kẹ́ ẹ kà fún un, kì í ṣe ohun tó wù yín.