Àmì Apá Òsì Tó Di Ti Ọ̀tún

"Mo rí Tilodi."

Keoagile darandaran kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni kó tó sọ ọ́. Ó fara ti ẹnu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, eruku bo ìpéǹpéjú rẹ̀.

MmaGaleboe gbé abọ́ bogobe, oúnjẹ ọkà bàbà rẹ̀, sílẹ̀. "Níbo?"

"Ní ọgbà màlúù tó sọnù. Ó dúró nídìí ọpọ́n omi. Mo pè é láti ojú ọ̀nà, ó gbé etí sókè."

"O ti mu ọtí."

"Mo ti mu ún lóòótọ́, mma, ṣùgbọ́n màlúù náà kò mu."

Opó ni MmaGaleboe. Nínú gbogbo agbo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ọ̀dá ti pa ìyókù, ó ku Tilodi nìkan, abo adíkálà kan tí ìwo òsì rẹ̀ wọ́ sílẹ̀ bí etí ajá. Oyún wà nínú rẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ti jẹko lọ tí kò padà wálé. Ní Motlopaneng, obìnrin tí kò ní màlúù kan ṣoṣo, bó bá sọ̀rọ̀ láwùjọ, àwọn ènìyàn á máa wo bàtà rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Keoagile rú u lójú ni pé òun fúnra rẹ̀ ti wo àwòrán gbogbo màlúù inú ọgbà náà lórí fóònù. Tilodi kò sí níbẹ̀.

Tshenolo, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló ṣe ìkànnì ayélujára náà. Tẹ́lẹ̀, bí màlúù bá sọnù tí wọ́n sì mú un lọ sí ọgbà, ìwé ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ igi ní kgotla, níbi tí baálẹ̀ ti ń gbọ́ ẹjọ́. Ewúrẹ́ a sì jẹ ìwé náà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí olówó màlúù kò yọjú, wọ́n á tà á ní gbàǹjo. Tshenolo ní kí gbogbo rẹ̀ wà lórí fóònù: àwòrán, nọ́ńbà, àti àmì tí wọ́n fi irin gbígbóná jó sí itan ẹran.

Lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nínú yàrá, iṣẹ́ náà ń lọ geere. Ìgbà tó fẹ́ gbé e gun kíláòdù, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí àwọn kan ní lókè òkun tí wọ́n fi ń háyà fún gbogbo ayé, ni wàhálà dé. Ó gbé e, pupa ló hàn. Ó tún un ṣe, pupa. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọmọ náà kò jẹun bí ènìyàn, ó ń bú kọ̀ǹpútà bí ẹni bú orogún. Èmi aládùúgbò wọn wọlé, mo ní bóyá kó fi omi tútù díẹ̀ nù ún. Ó wò mí bí ẹni wo adìẹ tó gun orí pẹpẹ ìjọ. Mo bá gbé ìdí mi ńlá, mo jáde.

Moagi ló yanjú rẹ̀. Akọ̀wé ọgbà màlúù ni, ọkùnrin bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tí lọ́fíńdà rẹ̀ máa ń wọlé ṣáájú rẹ̀. Ó wo iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo yan nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ. Ayálégbé kì í yan ẹnu ọ̀nà. Nọ́ńbà tí onílé bá fún ẹ ni kó o dúró tì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa kan ilẹ̀kùn."

Wọ́n yí ìlà kan padà. Ó di àwọ̀ ewé. Inú Tshenolo dùn débi pé ó fún Moagi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ gígùn kan tí ẹni tó bá ní in lè fi yí ohunkóhun padà lórí ìkànnì náà. Ṣebí òun náà ló ń ya àwòrán màlúù. Èmi ní tèmi, mo bu wàrà kíkan fún un ní kíkún igbá. Wàrà yẹn ṣì ń dùn mí.

Nísinsìnyí, Tshenolo tún ṣí ìkànnì náà. Màlúù adíkálà kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n itan ọ̀tún ni àmì rẹ̀ wà, ìwo ọ̀tún ló wọ́ sílẹ̀. Ti Tilodi, òsì ni méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bí sáàárín màlúù kì í jiyàn pẹ̀lú àmì. Bí ojú ẹran bá jọra, àmì ló ń dájọ́.

"Kì í ṣe tèmi," ni MmaGaleboe wí. Síbẹ̀ oorun kò kùn ún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ọgbà. Moagi pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, kò ṣí i.

"Nọ́ńbà wo lẹ fẹ́ rí, mma?"

"Tilodi ni mo fẹ́ rí."

"Mi ò béèrè orúkọ."

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Àmì tiyín ńkọ́?"

"Itan òsì."

"Ọ̀tún ni ti mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àrùn ẹnu àti pátákò wà nígboro, mi ò lè jẹ́ kí bàtà kankan wọlé láìnídìí."

"Jẹ́ kí n pè é láti ibí. Bó bá jẹ́ òun, á dá mi lóhùn."

"Gbàǹjo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ó bá wù yín, ẹ wá rà á."

MmaGaleboe fi èpè jó o lábẹ́ ahọ́n títí ó fi délé. Ó bá Tshenolo tó fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Galeboe ìyá rẹ̀ ní Francistown, kí ìyẹn lè mọ̀ pé ara Nkuku, ìyá àgbà, le. Tshenolo kọjú fóònù sí àwọn méjèèjì, ó yà á. Ìyá gbà á, ó wò ó, ó la ẹnu.

"Ta ló yọ eyín ọ̀tún mi?"

"Nkuku, eyín yín ti ká tipẹ́."

"Òsì ló ká! Ọdún ìgbéyàwó àbúrò ìyá rẹ, egungun ló ṣẹ́ ẹ. Wò ó!" Ó fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ya. "Fóònù rẹ ti gbé ihò ẹnu mi lọ sí ibòmíràn."

Tshenolo ń rẹ́rìn-ín. "Bí fóònù yìí ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bíi dígí. Ó máa ń fi òsì ṣe ọ̀tún."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ìyá. Wọ́n wo ara wọn.

"Gbé màlúù yẹn wá."

Tshenolo yí àwòrán mọ́kànlélọ́gbọ̀n padà, bí ènìyàn ṣe ń yí ẹ̀wù síta. Àmì bọ́ sí itan òsì. Ìwo òsì wọ́ sílẹ̀. Tilodi dúró lójú fóònù, ó ń wò wọ́n.

"Mo ti wo màlúù mi lójú, mo ní kì í ṣe tèmi," ni MmaGaleboe wí. "Àgbà òfìfo ni mí."

Tshenolo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ tí kíláòdù máa ń tọ́jú, níbi tó ti ń kọ ẹni tó yí ohun kan padà àti àkókò rẹ̀. Àwòrán mọ́kànlá ni wọ́n ti gbé gòkè lẹ́yìn tí wọ́n yí òsì wọn sí ọ̀tún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ kan náà: Tshenolo. Ó tún kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Oreeditse, tó ń rí sí ọ̀ràn olè ẹran, gbọ́ wọn tán lọ́jọ́rú. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Tshenolo.

"Kọ́kọ́rọ́ ta ni?"

"Tèmi, Rra. Mo fún Moagi."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó o fún un?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Nígbà náà, ìwọ ni olè lójú ìwé yìí."

"Ṣé ẹ rí ojú olè lára mi?"

"Mi ò tíì rí olè tó ní ojú olè."

MmaGaleboe gbá tábìlì. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wo màlúù ná! Ìwé kì í ké múù!"

Wọ́n lọ, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Moagi ṣí géètì gbayawu lọ́tẹ̀ yìí, ó bọ́ fìlà. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n? Ó kú lánàá. Àrùn. A ti sun ún." Ó nawọ́ sí òkìtì eérú kan lẹ́yìn ọgbà, tí egungun àti orí màlúù yọ nínú rẹ̀.

MmaGaleboe sún mọ́ òkìtì náà. Ó kúnlẹ̀ sínú eérú náà, gbogbo wa rò pé ó fẹ́ sunkún ni. Ó kàn fọwọ́ ra orí màlúù náà, ó dìde, ó fẹnu sí etí Sájẹ́ǹtì.

"Ìwo méjèèjì nà gbọọrọ. Màlúù tèmi kò kú. Ó gbé e pamọ́ ni."

"Bí mo bá mú un báyìí," ni Sájẹ́ǹtì wí nínú ọkọ̀, "á ní òun ṣi orí gbé, á sì ní ọmọ yín ló yí àwòrán. Ọ̀la ti di Ọjọ́bọ̀. Mo nílò ọwọ́ tirẹ̀ nínú ìkòkò."

Tshenolo dá sí i. "Kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ẹyọ kan, Rra. Mo lè pa ti tẹ́lẹ̀, kí n gé tuntun fún un, kí n jó orúkọ rẹ̀ sí i lára bí àmì ẹran. Ohunkóhun tó bá fi ṣe, orúkọ rẹ̀ ni yóò hàn."

"Kí ló máa fi ṣe?"

Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló dáhùn ìbéèrè náà. Ó ránṣẹ́ sílé rẹ̀ tó wà lọ́nà jíjìn, wọ́n gbé akọ màlúù sísanra kan wá. Keoagile dà á lọ sí ọgbà pé òun rí i tó ń rìn gbéregbère. Moagi fọwọ́ pa ẹran náà nídìí, ó sì dúpẹ́.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó náà dé ilé MmaGaleboe.

"Àbúrò mi, kọ́kọ́rọ́ ẹ kò ṣí nǹkan kan mọ́."

"Àwọn onílé ló ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀, Rra. Tiyín rèé, ẹ̀yin nìkan ni mo gé e fún."

"Kíláòdù, kíláòdù, wàhálà ni gbogbo yín!" Ó gbà á, ó lọ.

Wọ́n sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n dojú kọ kọ̀ǹpútà Tshenolo. Wákàtí kan kọjá. Ìlà àkọ́kọ́ yọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Lójijì, pupa.

"Kí nìyẹn?" ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Kò gbé e. Ẹ̀dà àtijọ́ ló fi ránṣẹ́, èyí tó ní nọ́ńbà tí mo ṣì yàn nígbà náà."

Pupa lẹ́ẹ̀kejì. Pupa lẹ́ẹ̀kẹta. Sájẹ́ǹtì fìbínú tì kọ́ọ̀pù tíì dànù. "Olè tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀! Ó máa pa á tì, ọ̀la ni gbàǹjo!"

Fóònù Tshenolo dún. Moagi ni. Sájẹ́ǹtì fi ìka di ètè, Tshenolo jẹ́ kí ohùn náà jáde síta.

"Àbúrò mi, ìkànnì ẹ tún ti ya wèrè. Ó ní òun ń kan ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò dá òun lóhùn."

"Ẹ wo ìsàlẹ̀, Rra. Ẹ yọ nọ́ńbà tí mo kọ síbẹ̀, kí ẹ fi ti onílé sí i. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Háà! Orí mi ti gbó." Ó ń rẹ́rìn-ín. MmaGaleboe ti ki etí ìborùn bọ ẹnu.

"Ṣé kí n bá yín gbé àwòrán náà, Rra?"

"Má ṣèyọnu. Mo ti tún un ṣe."

Ìlà ń yọ, ìlà ń yọ. Àwọ̀ ewé. Orúkọ: Moagi. Akọ màlúù sísanra náà hàn, àmì ní itan ọ̀tún.

Sájẹ́ǹtì dìde, ó mú fìlà. "Bàbá mi ló fi irin jó ẹran yẹn ní itan òsì. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."

Moagi rí eruku ọkọ̀ ọlọ́pàá láti òkèèrè. Ó bẹ́ sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó gba inú odò gbígbẹ. Iyanrìn gbé táyà mì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń sá, bàtà kan kù sẹ́yìn. Díẹ̀ ló kù kí igbó bò ó, ni igi ẹlẹ́gùn-ún kan fi ìwọ̀ rẹ̀ kọ́ ṣòkòtò rẹ̀ nídìí. Bó ṣe ń fà ni ẹ̀gún ń wọlé. Keoagile, tó ń da ẹran nítòsí, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ má mì, Rra. Igi yìí kì í fi àlejò sílẹ̀ kíákíá."

Nínú àgọ́, Sájẹ́ǹtì kò jẹ́ kó jókòó.

"Màlúù dà?"

"Ó kú."

"Orí tó o sun kì í ṣe tirẹ̀. Ta ló yí àwòrán?"

"Tshenolo. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni."

"Ti òwúrọ̀ yìí, orúkọ ẹ ló wà lára rẹ̀. Mo sì jókòó tì í nígbà tó o ní o ti tún un ṣe. Akọ màlúù yẹn, ta ló ni ín?"

"Mi ò mọ̀."

"Tèmi ni."

Moagi wo ilẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà. Ọ̀rọ̀ bá tú jáde: òun ń yí òsì àwòrán ẹran tó dára sí ọ̀tún, olówó rẹ̀ á wò ó, á kọ̀ ọ́, àna òun á wá rà á ní gbàǹjo ní owó pọ́ọ́kú. Màlúù mọ́kànlá. Mẹ́sàn-án ṣì wà ní abà àna náà, Tilodi, tí òun sáré gbé lọ lẹ́yìn tí ìyá wá béèrè rẹ̀, wà nínú wọn.

Wọ́n fagi lé gbàǹjo. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, gbogbo àwọn olówó màlúù kún abà náà, oníkálùkù ń fọwọ́ pa itan ẹran, ọkùnrin kan ń sunkún ketekete láìtijú. Moagi dúró nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó ń fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

MmaGaleboe kò dúró kí ẹnikẹ́ni tọ́ka. Ó pe orúkọ lẹ́ẹ̀kan. Adíkálà kan yà kúrò láàárín agbo, ikùn rẹ̀ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kìíní-kejì, ó wá fi imú sí i láyà. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi etí lé ikùn náà. Gbogbo wa sún mọ́ ọn.

"Ó tàpá," ni ó wí. "Ó ta mí nípàá létí, ọmọ aláìmọ̀wàáhù!"

Ó jókòó bàrà sínú iyanrìn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Ó nawọ́ sí wa, ẹ̀rín kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa ní agbára àtifà á. Ó ṣépè fún wa, ó di ìwo Tilodi mú, màlúù náà sì gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀ títí ìyá fi dúró ṣánṣán.