Ọmọ Tí Kò Sí Nínú Fọ́ọ̀mù

Láàárín àwa Yorùbá, bí ènìyàn bá ti bímọ, orúkọ tirẹ̀ di ohun tí a ń gbàgbé nìyẹn. Bàbá Lágbájá, Ìyá Lágbájá ni wọn yóò máa pè é. Ṣùgbọ́n ọdún kẹta rèé tí Mákindé ti dé Toronto, Mákindé lásán ni gbogbo ènìyàn ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ló ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan ní Oakville. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi bá a kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ Ontario, pé kí wọ́n yàn án mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ náà fẹ́ kó máa gbé ibẹ̀ títí lọ. Wọ́n sì yàn án. Ó ku kí ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa fọwọ́ sí ìwé ìgbélùú rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Nínú fọ́ọ̀mù tó fi ránṣẹ́ sí Ottawa, wọ́n bi í pé ọmọ mélòó ló ní, yálà ó fẹ́ mú wọn wá tàbí kò fẹ́. Mákindé kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò bímọ.

Irọ́ ni. Ó bí Jọláolúwa, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ, tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Péjú, tí Mákindé kò gbé níyàwó, ní Ìbàdàn. Àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ń bá ọmọ náà fínra, ẹnìkan sì ti sọ fún Mákindé pé bí ìjọba bá gbọ́ pé ọmọ ẹni ń ṣàìsàn, ìwé ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò wádìí. Kò bi agbẹjọ́rò. Ṣebí àwa náà la máa ń sọ pé kí ayé má gbọ́? Ó panu mọ́, ó ní bí òun bá gba ìwé tán, òun á wá fi orúkọ ọmọ kún un.

Ṣùgbọ́n irọ́ kan ṣoṣo kì í tó. Kí tirẹ̀ má bàa tú, Mákindé kò gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ kọ́ sí yàrá tó háyà ní Etobicoke. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, torí ọ̀rẹ́ á béèrè ọ̀rọ̀ ilé. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, àmọ́ ìdí ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí. Kí wọ́n tó ṣe àmín ìkẹyìn, ó ti dé ibùdókọ̀. Lọ́jọ́ ìbí ọmọ náà, òun nìkan ló ra kéèkì kékeré kan, òun nìkan ló jókòó tì í, kò sì lè jẹ ẹ́ tán. Ó dá wà débi pé ó ti ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Èrèlé, nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹun níbi iṣẹ́, Péjú pè é láti Ìbàdàn. Àìsàn ọmọ ti dé sí i, wọ́n ti dá a dúró sí ọsibítù, wọ́n sì ń wá ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà sí i lára.

"Jọ̀ọ́, bá a sọ̀rọ̀," ni Péjú wí. "Ìwọ ló ń béèrè."

Ohùn ọmọ náà tín-ín-rín. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà. Ṣé àwọn èèyàn wà lọ́dọ̀ yín? Mummy said I shouldn't call you Daddy if people are there."

Mákindé wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Wọ́n wà," ló fi dá a lóhùn.

"Ó dáa, Uncle."

Ọmọ rẹ̀, lórí ibùsùn àìsàn, ló ń bá a pa irọ́ náà mọ́. Oúnjẹ kú mọ́ Mákindé lẹ́nu. Ojú tì í bí ojú kò ṣe tì í rí láyé.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, òun àti Ìbídàpọ̀ jọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Àgbà òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ wọn ni Ìbídàpọ̀, onígbàgbọ́ ni, Port Credit ló ń gbé. Ó wo ojú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ní kó jẹ́ kí àwọn jọ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀.

"Mákindé, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà." Nígbà tí yóò sọ èyí tó kù, èdè Òyìnbó ló kọ́kọ́ bọ́ sí, torí pé ó wúwo jù láti sọ ní Yorùbá. "I have a daughter. Mo sẹ́ ẹ nínú form."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Jọláolúwa."

"Bàbá Jọláolúwa," ni Ìbídàpọ̀ pè é, jẹ́jẹ́.

Mákindé bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ tó ti dé Canada, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ìbídàpọ̀ jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ti form, a máa wá lawyer, wàá sì sọ òtítọ́. Mi ò mọ ibi tó máa já sí o. Wọ́n lè fọwọ́ sí i, wọ́n sì lè ní kó o máa lọ sílé. Àmọ́ Ottawa kọ́ lo ṣẹ̀ jù, Ọlọ́run ni. Ṣó o mọ orúkọ tí Ọlọ́run ń jẹ́? Ọlọ́run Ábúráhámù, Ọlọ́run Ísáákì, Ọlọ́run Jékọ́bù. Jékọ́bù tó purọ́ fún bàbá ẹ̀, tó ní ẹlòmíì lòun. Bá a ṣe ń fi orúkọ ọmọ pe bàbá, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run gbà ká máa fi orúkọ òpùrọ́ yẹn pe òun. Kò tijú ẹ̀. Irú wa ni Jésù tìtorí ẹ̀ kú. Tó o bá wá sọ́dọ̀ ẹ̀, kò ní sẹ́ ẹ."

"Pẹ̀lú gbogbo irọ́ yìí, sà?"

"Irọ́ yẹn gan-an ni kó o kó wá."

Mákindé tẹrí ba nínú òtútù. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. "Jésù, òpùrọ́ ni mí. Mo sẹ́ ọmọ mi. Dárí jì mí, gbà mí." Ọkọ̀ méjì dé, wọ́n sì lọ, kó tó dìde. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n ẹrù ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn, agbẹjọ́rò bá a kọ̀wé sí Ottawa, Mákindé sì jẹ́wọ́ gbogbo irọ́ náà níbẹ̀. Agbẹjọ́rò náà sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí àìsàn ọmọ náà má dí i lọ́nà rárá; irọ́ tó pa ló léwu. Ara Jọláolúwa ti le báyìí. Láàárín èrò níbi iṣẹ́ ni bàbá rẹ̀ ti ń pè é, gbogbo wọn ló sì ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń ké "Daddy". Ottawa kò tíì dáhùn. Bóyá ilé ni yóò padà sí. Bí ó bá padà, yóò padà gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ọlọ́run àti bàbá ọmọ rẹ̀.

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, kí ni ìwọ náà ń sọ fún ayé pé kò sí? Obìnrin wo lo já jù sílẹ̀, irọ́ wo lo ń bọ́ bí ọmọ? Kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni Ọlọ́run ti mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ó ń dúró dè ọ́.

Àwọn ìjọba a máa fi oṣù falẹ̀ kí wọ́n tó dá ènìyàn lóhùn. Jésù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó o bá wà nínú ọkọ̀, bó o bá dá wà ní yàrá rẹ, ronú pìwà dà lónìí. Sọ ọ́ fún un bó ṣe rí gan-an, ní èdè tó bá yá lẹ́nu rẹ. Kó o tó sọ gbólóhùn kìíní tán, yóò ti pè ọ́ ní ọmọ òun.