Ẹlẹ́rìí Inú Ìgò

Ó-péye ni gbogbo ará ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń pè é, torí ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè èsì, á ní, "Ó péye." Bí dókítà bá fura sí èsì ọ̀hún, á na ọrùn bí àkùkọ: "Mo ní ó péye! Àbí ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun báláú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀rẹ́ mi, inú ló ti dọ̀tí.

Ìgò kékeré kan wà nínú fíríìjì wọn. Àwọn tó ṣe é ti wọn ṣúgà inú omi rẹ̀, wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sára ìgò. Láràárọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kankan, wọ́n ní láti fún ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mu nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá pe iye ara ìgò, òótọ́ ló ń sọ. Bí kò bá pè é, kí wọ́n pa á tì títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pe ìgò náà.

Nígbà tí ilé àyẹ̀wò ń wá ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ wọn ṣeé gbára lé, wọ́n fi obìnrin kan tó jẹ́ àbúrò fún Ó-péye lẹ́nu iṣẹ́ ṣe alábòójútó. Ó-péye gbà pé òun ni ipò náà tọ́ sí. Láti ọjọ́ náà, kò dáhùn kíkí rẹ̀ mọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹlẹ́rìí àárọ̀ yìí ńkọ́?"

"Ó péye."

"Ṣé ẹ ti fún ẹ̀rọ mu lóòótọ́?"

"Ṣé ọmọ ìjọ yín ni ẹ̀rọ ni, tó fi gbọ́dọ̀ ṣe ìsìn òwúrọ̀?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, èmi gan-an nílò ẹlẹ́rìí. Àárọ̀ tí mo bá rò pé mo péye ni Jésù máa ń fi ibi tí mo ti wọ́ hàn mí."

"Gbé ìwàásù ẹ kọjá sọ́hùn-ún."

Irọ́ ló ń pa. Ó ti pẹ́ tó ti fún ẹ̀rọ mu ẹlẹ́rìí gbẹ̀yìn. Ṣé òun ni ọmọ àná yóò máa pàṣẹ fún? Ìkùnsínú ló fi pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rọ sì ń ṣìnà díẹ̀díẹ̀.

Ìyá rẹ̀ wá, ó ní ó ń rẹ òun. Ó-péye fúnra rẹ̀ ló fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ní ṣúgà rẹ̀ ti ga jù, dókítà sì kọ oògùn tí í fa ṣúgà wálẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ṣé ká tún un yẹ̀ wò?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Tún kí ni yẹ̀ wò? Ọmọ tí mo fún lọ́mú ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó péye!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá ìyá nílẹ̀ ilé ìdáná. Òógùn bò ó, kò sì mọ ẹni tó ń pe òun. Wọ́n gbé e dé wọ́ọ̀dù, wọ́n gún un níka, wọ́n fi ẹ̀rọ mìíràn wò ó. Ṣúgà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀.

Dókítà wọ́ọ̀dù yíjú. "Ta ló sọ pé ìyá yìí ní àtọ̀gbẹ?"

Ó-péye, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, sáré padà sí ilé àyẹ̀wò, ó gbé ìgò jáde, ó fún ẹ̀rọ mu. Iye tí ẹ̀rọ pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ara ìgò. Ó tún fún un mu. Bákan náà ni.

Ó rántí aránṣọ olóyún. Ó rántí awakọ̀ aláwàdà. Ó rántí bàbá arúgbó tó súre fún un. Ẹ̀rọ kan náà ló yẹ gbogbo wọn wò, oògùn ṣúgà ni wọ́n sì ń gbé mì nílé. Àwọn olùbẹ̀wò tó wá wò bóyá ìwé ẹ̀rí tọ́ sí ilé àyẹ̀wò sì ti jókòó sí yàrá ọ̀gá. Bó bá dákẹ́, tó tún ẹ̀rọ ṣe ní kọ̀rọ̀, ta ni yóò mọ̀?

Alábòójútó wọlé. "Bọ̀ọ̀dá, màmá ńkọ́?"

Ó-péye bú sẹ́kún. "Má pè mí ní bọ̀ọ̀dá mọ́. Mi ò péye. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni mò ń wí o. Èmi ni."

"Jésù ti mọ iye yín kó tó kú fún yín, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ sọ òótọ́ fún Un. Lẹ́yìn náà, a jọ ń lọ sí yàrá ọ̀gá ni."

Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. "Olúwa, mo pa Ọ́ lẹ́nu mọ́ nínú mi. Mo yan ìkùnsínú. Ṣàánú mi." Nígbà tó dìde, ó bẹ obìnrin náà, ó sì lọ jẹ́wọ́ níwájú àwọn olùbẹ̀wò.

Àwọn olùbẹ̀wò kò fún ilé àyẹ̀wò níwèé ẹ̀rí. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn aláìsàn. Aránṣọ dé. Awakọ̀ dé. Àwọn ará ilé bàbá arúgbó ní àwọn ti sin ín. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá oògùn yẹn ló pa á. Ọlọ́run ti dárí ji Ó-péye, ṣùgbọ́n bàbá náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ dòní.

Ìyá rẹ̀ là á já. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni pé, "Ọmọ mi, èsì yẹn ńkọ́?"

"Kò péye, Màmá."

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, ẹlẹ́rìí kan wà nínú ìwọ náà. O mọ ibi tó o gbé e pamọ́ sí. O mọ ẹni tí o kò kí mọ́. Aṣọ rẹ mọ́, àwọn èèyàn sì ń yìn ọ́, ṣùgbọ́n iye wo ni Ọlọ́run yóò pè bó bá wọn ọkàn rẹ? Má dúró dìgbà tí wọ́n bá bá ẹnì kan nílẹ̀ nítorí rẹ. Níbi tó o dúró sí yìí, lónìí, sọ fún Jésù pé, "Mi ò péye." Kò tíì lé ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ padà rí.