Koríko Tí Mo Gbìn Ló Ń Pa Igi Ẹ̀gbọ́n Mi

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ilé ẹ̀gbọ́n mi Nedra ni mo ti ń mu kọfí. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ la ti ń wo òkè bàbá wa, níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti fi ọdún mọ́kànlá wa èédú. Nígbà tí wọ́n kó èédú tán, wọ́n dí kòtò náà, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Èmi Orval ni mo fọwọ́ ara mi fọ́n irúgbìn koríko sí i, àpò mẹ́rin gbáko. Ó hù dáadáa. Bí mo bá ti ń wò ó, inú mi a máa dùn.

Inú Nedra kì í dùn ní tirẹ̀. Igi ásípẹ̀nì ló wà lórí òkè yẹn kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Abẹ́ igi wọ̀nyẹn làwọn màlúù wa ti ń bímọ nígbà tí ìjì yìnyín bá dé lóṣù kẹrin. Ìwé àdéhùn sọ pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá igi náà padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ra ọmọ igi wá láti ìlú ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú. Ó wá ku ọdún mẹ́rin kí aṣojú ìjọba wá ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn. Bí kò bá bá igi níbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ koríko ni, kò sì sẹ́ni tó máa jẹ wá ní igi kankan mọ́.

Lọ́dún yẹn, ọmọ màlúù méje ni òtútù pa lójú Nedra. Ó sunkún, obìnrin tí kò sunkún níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀.

Ló bá ránṣẹ́ pe Consuelo Maes. Ọgbọ̀n ọdún ni Consuelo fi wa katapílà fún ilé iṣẹ́ ìwakùsà yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, òun àtàwọn kan lágbègbè wa ló ń la àwọn onílẹ̀ lọ́yẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí ilẹ̀ tí wọ́n ti wa kùsà ṣe ń padà bọ̀ sípò. Ó ki ṣọ́bìrì bọ inú koríko mi, ó yí i padà. Gbòǹgbò koríko ti lọ́ mọ́ra wọn bí ẹní. Abẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Ta ló gbin èyí?"

Mo gbójú sókè, mò ń wo òfuurufú. Nedra ní, "Ẹni tó ń wo òfuurufú yẹn ni."

"Bọ̀dá Orval, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo omi tí ọmọ igi ì bá mu, koríko yín ló mu ún."

Mo ní ṣebí kí ilẹ̀ má wà níhòòhò ni mo ṣe gbìn ín. Bàbá wa kọ́ wa pé ilẹ̀ tí kò ní koríko, ìtìjú onílẹ̀ ni. Consuelo ní òun gbọ́, àti pé kí n má da ara mi láàmú jù, òun náà jẹ̀bi. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sórí òkè wa, òun ló fi katapílà kó o jọ, ọdún mẹ́jọ ló sì fi wà nínú òkìtì.

"Ásípẹ̀nì kì í sábà ti inú irúgbìn hù," ó ní. "Gbòǹgbò ló ń bí i. Ẹ gé igi kan lulẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á ta ọmọ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ nínú òkìtì, ó ti jẹrà. Òkú yẹ̀pẹ̀ ni mo gbé fún yín, Ẹ̀gbọ́n Nedra, mi ò sì mọ̀ nígbà yẹn."

Àìmọ̀kan ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Èmi àti òun kan wo ara wa ni.

Nedra béèrè bóyá ó ti bọ́ nìyẹn. Consuelo nawọ́ sí òdìkejì odò tó wà nísàlẹ̀ òkè wa. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà ti fẹ́ wa èédú kẹ́yìn, igbó ásípẹ̀nì sì ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá kó yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lẹ́yìn tí ewé bá wọ́ tán, tí wọ́n gbé e wá tààrà lọ́jọ́ náà, gbòǹgbò inú rẹ̀ á wà láàyè. Ó ní onílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Kí Nedra kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà, kó kọ ọ̀kan sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ìwakùsà, kó sì wá sí ìpàdé tí ilé iṣẹ́ àti ìjọba máa bá àwọn onílẹ̀ ṣe.

Nedra lọ. Ọ̀gá ibi ìwakùsà ní ètò ti wà nílẹ̀, òkìtì ni yẹ̀pẹ̀ ń lọ. Nedra dìde.

"Ẹ ti gbin igi fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti sin ín lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò béèrè ọmọ igi mọ́. Yẹ̀pẹ̀ tó wà láàyè ni mo ń béèrè. Òkè mi ò jìnnà tó ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó o jọ sí."

Aṣojú ìjọba yẹ àwòrán ilẹ̀ wò. Òótọ́ ni. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà sì gbà.

Èmi ni mo ha koríko kúrò. Ohun tí mo fọ́n lọ́jọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ha á. Lóṣù kẹwàá, típà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé yẹ̀pẹ̀ dúdú wá, Consuelo fúnra rẹ̀ sì gun katapílà, ó tẹ́ ẹ. A fi wáyà tó ga ju èèyàn lọ ṣọgbà yí i ká, torí élìkì, àgbọ̀nrín ńláńlá ilẹ̀ wa, kò mọ ohun tó dùn ju ọmọ ásípẹ̀nì lọ.

Yìnyín yọ́. Oṣù karùn-ún dé, òkè ṣì dúdú kirimú. Àwọn ará àdúgbò ń bi mí pé ṣé ọ̀dùnkún ni mo fẹ́ gbìn. Ojú tì mí débi pé lọ́jọ́ kan, mo yọ́ gbé irúgbìn koríko díẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo ti ki ọwọ́ bọ àpò kí n tó rí Nedra lórí ìkúnlẹ̀. Ó rí àpò náà. Mo rò pé ó máa bú mi ni.

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ," ó ní, jẹ́jẹ́.

Mo gbé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi, ohun pupa kan tí kò ju ìka lọ yọrí látinú ilẹ̀. Òmíràn wà níwájú rẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ó wà níbi gbogbo, ekukáká ni mo fi ríbi tẹ̀. Àgbàlagbà bí èmi, mo jókòó sílẹ̀, mo sì sunkún ayọ̀.

Lọ́dún kẹrin, aṣojú ìjọba dé. Ó fi okùn ṣe òbírí sílẹ̀, ó ka igi inú rẹ̀: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó lọ síbòmíràn, ó ka ogójì. Nígbà tó gbójú sókè, kò rí Nedra mọ́.

"Màmá, ibo lẹ wà?"

"Inú igbó mi ni mo wà," Nedra dáhùn.

Aṣojú ìjọba bọwọ́ lùwé níbẹ̀ pé igi ti padà.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti wa kùsà nílẹ̀ yín, ẹ ka ìwé àdéhùn yín. Tó bá sọ pé igi, ẹ má gba koríko. Kí koríko má sún mọ́ ọmọ ásípẹ̀nì rárá, ẹ má sì ṣí wáyà títí orí igi á fi kọjá ẹnu élìkì. Ẹ lọ sípàdé, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kó yẹ̀pẹ̀ jọ, torí kò sí ẹjọ́ tẹ́ ẹ lè rò lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tó máa jí gbòǹgbò tó ti jẹrà.