Ohùn Láyí Nínú Awò

Ẹni tó bá pe èyí ní àròsọ, kó gbéra lọ sí Erinje, kó béèrè Aníwúrà afọ́jú tó ń ṣe púpurú, ẹ̀gẹ́ kíkan tí wọ́n mọ róbótó tí wọ́n sì yan lórí èéfín. Èéfín ilé rẹ̀ kì í dá. Awò tí à ń sọ yìí ṣì wà nínú àpótí rẹ̀, àmọ́ kò ní gbé e jáde fún ẹnikẹ́ni.

Láyí ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Orí ọmọ náà kò ga ju ìbàdí ìyá rẹ̀ lọ nígbà tí ojú Aníwúrà fọ́. Nígbà yẹn, ìyókù ẹ̀gẹ́ ìdí ọpọ́n ni Láyí fi ń mọ púpurú tirẹ̀, kékeré bí ẹyin awó. Láyí yẹn nìkan ni ìyá rẹ̀ rí. Nígbà tó di obìnrin gíga, ẹnu ẹlòmíràn ni ìyá rẹ̀ ti ń gbọ́ bó ṣe rí.

Láyí ríṣẹ́ sí Àkúrẹ́, ó sì ra awò ojú kan bọ̀ wálé fún ìyá rẹ̀. Kámẹ́rà kékeré wà níwájú rẹ̀. Ohun tí kámẹ́rà bá rí, awò á sọ ọ́ di ohùn sí etí. Ohun gíga á dún tín-ín-rín, ohun kúkúrú á dún nísàlẹ̀. Aníwúrà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ pé àga ń pariwo báyìí. Kò pẹ́ tó fi mọ ìró òpó, àti ìró àjà orí ààrò tó ti ń yan púpurú gbẹ. Lọ́jọ́ kan, Láyí lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Yèyé, èmi rèé. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Ohùn kan gùn lọ sókè, ó tín-ín-rín. Aníwúrà bú sẹ́kún. Àṣé bí ọmọ òun ṣe ga tó rèé.

Oṣù yẹn kò parí tí mọ́tò fi pa Láyí lọ́nà Òkìtìpupa. Abiyamọ kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀, torí náà àwọn ẹbí sin ín, wọn kò sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, á fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ ló wá kú yìí. Kí ni ìyá fẹ́ fi rọ́pò?

Ọjọ́ tó padà sídìí púpurú, ọ̀sán gangan ni. Adìyẹ kan kò ké. Ó fi awò sójú. Ó gbọ́ òpó. Ó gbọ́ àjà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó gbọ́ Láyí.

Ó nawọ́. Ooru iná nìkan ló kàn án lọ́wọ́. Ó pe Charity, aládùúgbò tó ń bá a bó ẹ̀gẹ́, pé kó bá òun wo ẹ̀gbẹ́ ààrò.

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, Ìyá Láyí."

Aníwúrà fọwọ́ bo kámẹ́rà. Òpó dákẹ́. Àjà dákẹ́. Láyí kò dákẹ́.

Látìgbà náà, kò fẹ́ bọ́ awò sílẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn náà ń wálẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti wọ awò, Láyí á ti kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wá sí gíga èjìká ìyá rẹ̀, ó tún wá sí gíga àyà. Charity ní bátìrì ló ń kú. Aníwúrà mọ̀ pé kì í ṣe bátìrì, nítorí ìró òpó kò yí padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ohùn náà dúró síbi ìbàdí rẹ̀. Láyí tó fojú rí gbẹ̀yìn nìyí. Bí òun bá tún wọ awò yìí, ọmọ á di ìkókó. Lẹ́yìn ìkókó ńkọ́?

"Láyí, dúró bẹ́ẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́. Ó bọ́ awò, ó tì í mọ́nú àpótí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Charity ń kó púpurú sílẹ̀ lórí àjà, ló bá dúró.

"Ìyá Láyí, ta ló mọ kékeré yìí?"

"Gbé e wá."

Ó kéré bí ẹyin awó. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Aníwúrà fi àtàǹpàkò tọ́ ọ yí ká. Ojú ìka wà lára rẹ̀, wọ́n tín-ín-rín. Kò jẹ́ kí Charity ha ẹ̀yìn rẹ̀ tí èéfín ti sọ di dúdú, bí wọ́n ṣe ń ha ti ìyókù. Ó gbé e mọ́ àyà, ó sunkún títí oòrùn fi kan orí.

Àwọn ará ìjọ ní kó wọ awò náà lẹ́ẹ̀kan péré, kó fi dágbére fọ́mọ. Ó ní àwọn ẹbí kò jẹ́ kí òun mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Òun kọ́ ló máa wá bá wọn sin ín parí.

Títí dòní, bó bá mọ púpurú tán, a máa fi ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nídìí ọpọ́n. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọpọ́n á ti ṣófo.