Ṣéènì Tí Mo Fi Òòlù So

Orúkọ mi ni Ṣàkírù. Ìlá Ọ̀ràngún ni mo ti ń tún alùpùpù ṣe, ó ti lé lọ́dún méjìlá. Tí ẹ bá ń gun ọ̀kadà lágbègbè wa, bóyá láti Iresi ni o tàbí láti Ìrè, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ mi ti kan alùpùpù yín rí. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwa mẹkáníìkì fi ní kí èmi gan-an sọ ìtàn yìí. Mi ò sì ní sọ pé ẹlòmíì ló ṣe é. Èmi ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ìbráhímù ọlọ́kadà, oníbàárà mi tó ti pẹ́, sọ̀ kalẹ̀, òun àti dírẹ́bà gbé alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀. Kàdíjátù ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó di ṣéènì dání nínú ọ̀rá. Tẹ́lọ̀ ni Kàdíjátù, kò sì sí ohun tí kì í béèrè. Tó bá bá yín níbi tí ẹ ti ń din àkàrà, ẹ máa ṣàlàyé fún un láti orí ẹ̀wà rírẹ.

"Bọ̀ọ̀dá Ṣàkírù, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ so ṣéènì yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

"Ó já. Ìrọ̀lẹ́ àná, lórí òkè ọ̀nà Iresi. Èmi àti Wúràọlá la wà lẹ́yìn bàbá ẹ̀. Ṣéènì já, ó wé mọ́ táyà ẹ̀yìn, táyà há, gbogbo wa ṣubú. Ìgbọ̀nwọ́ ọmọ bó."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"À ń gòkè ni, a ò sáré. Ká ní à ń sọ̀ kalẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ báyìí."

Mo gba ṣéènì lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ibi tí mo so gan-an ló ti já, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Alùpùpù yìí ló ń gbé Wúràọlá, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ sí iléèwé lójoojúmọ́. Kàdíjátù wá sọ ọ́ lójú ọkọ rẹ̀ pé òun àti ọmọ òun ò ní gùn ún mọ́, àfi tí òun bá fojú ara òun rí bí wọ́n ṣe ń so ṣéènì, tó sì yé òun.

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni?" Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Mo gbé ṣéènì lé orí irin. Mo fi hàn án bí mo ṣe ń fi ìṣó àti òòlù ti píìnì jáde, píìnì ni irin kékeré tó gba inú ṣéènì kọjá tó so ó pọ̀. Mo ní tí mo bá tì í jáde tán, màá mú ojú ṣéènì tó ti gbó kúrò, màá wá dá píìnì náà padà.

"Píìnì tí ẹ ti fi òòlù lù jáde, òun náà lẹ tún ń kì bọ̀ ọ́?"

"Òun náà ni."

"Kí ló wá ń dì í mú?"

"Mo máa ń fi òòlù tẹ́ orí ẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó tẹ́ tó?"

Mi ò mọ̀. Mo kàn máa ń lù ú títí ọkàn mi á fi balẹ̀ ni.

Kàdíjátù fa àpótí, ó jókòó. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, òòlù làwọn fi ń kan bọ́tìnnì onírin mọ́ ṣòkòtò jíǹsì. Òmíràn á dúró, òmíràn á wọ́, tí ẹni tó ni ṣòkòtò bá jókòó, ó fò dànù. Ọ̀gá òun wá ra irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, tó ní orí tí wọ́n ń pààrọ̀ bí bọ́tìnnì bá ṣe tóbi sí. Láti ìgbà náà, kò sí èyí tó já mọ́.

"Ṣé ṣéènì ò ní irú ẹ̀ ni, bọ̀ọ̀dá?"

"Ó ní."

"Kí ló dé tí ẹ ò lò ó?"

"Òòlù ń ṣe é."

"Ó ṣe é ló fi já yìí?"

Inú bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Tẹ́lọ̀ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Ìbráhímù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo dìde, mo mú ṣéènì náà dání, mo ní ká lọ.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Fúnminíyì la lọ, tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lẹ́bàá ọjà. Ó ti lọ kọ́ nípa àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń tà á ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó kó mẹ́ta sórí tábìlì, ó ní kí n mú èyí tó bá wù mí. Mo mú èyí tó tóbi jù, tó ń dán.

"Kí nìyẹn ń ṣe?" Kàdíjátù ló béèrè.

"Ó ń ti píìnì jáde," Àǹtí Fúnminíyì dáhùn. "Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa tú ṣéènì fún un, kò lè bá a so ó. Ìdí òòlù ni yóò tún padà sí."

"Kékeré yìí ńkọ́?"

"Ti kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Tó bá fi ti píìnì alùpùpù, ẹnu irinṣẹ́ yẹn ló máa kán, irin tó bá fò sì lè wọ̀ ọ́ lójú."

Ẹ̀kẹta nípọn, àwọn orí kéékèèké sì wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú páálí. Àǹtí Fúnminíyì tò wọ́n sílẹ̀. Ọ̀kan ń ti píìnì jáde. Ọ̀kan ń tẹ pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ ṣéènì wọlé kó dọ́gba. Ọ̀kan ń tẹ orí píìnì kó fẹ̀ díẹ̀, kó má lè yọ mọ́.

"Ṣé ó ba gbogbo ṣéènì mu?"

"Rárá. Nọ́ńbà lẹ máa wò. Ṣàkírù, nọ́ńbà wo ni ti alùpùpù yẹn?"

Ọdún méjìlá tí mo ti ń fọwọ́ kan ṣéènì, mi ò ka ohun tó wà lára rẹ̀ rí. Kàdíjátù fi àkísà nu epo kúrò, ó gbé e sún mọ́ ojú. 428 ni wọ́n kọ síbẹ̀. A wo ara páálí, 428 náà wà níbẹ̀. Àǹtí Fúnminíyì wá fún wa ní lọ́ọ̀kì ṣéènì tuntun, ìyẹn ìdè tí wọ́n fi ń so ó pọ̀, ó rí i pé nọ́ńbà kan náà ni. Ó ní píìnì tí wọ́n bá ti tì jáde ti kú, kí n má dá a padà láéláé.

Ó ní kí n kọ́kọ́ dán an wò lára ṣéènì àlòkù. Ó ní kí n fi fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin pa orí píìnì rẹ́ kí n tó tì í, kí ẹnu irinṣẹ́ má baà kán, kí n sì wọ awò ojú. Èyí lọ geere. Mo fi lọ́ọ̀kì sí i, mo tẹ pẹlẹbẹ wọlé. Nígbà tó kan orí píìnì, mo fi gbogbo agbára yí i. Mo ní ó ti dì.

Kàdíjátù fi èékánná gba orí rẹ̀ kọjá. "Nǹkan ń há mi léèékánná."

A wò ó. Ó ti sán, ojú sísán náà tín-ín-rín bí òwú. Àǹtí Fúnminíyì ní kí n jù ú nù, kí n mú òmíràn. Lẹ́ẹ̀kejì, mo yí i díẹ̀, mo wò ó, mo fi wé orí àwọn píìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo tún yí i díẹ̀. Ó fẹ̀, kò sán. Mo ká ojú ìdè náà síwá sẹ́yìn, kò há.

Mo ra irinṣẹ́ náà, a padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo so ti Ìbráhímù bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kàdíjátù yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, ó fi èékánná gbà á kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá gun ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, ó nawọ́ sí alùpùpù tèmi tó wà lábẹ́ igi.

"Tiyín ńkọ́, bọ̀ọ̀dá? Ta ló so ó?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní èmi ni. Mo lọ kúnlẹ̀ tì í, mo nu epo kúrò, mo wá ojú ibi tí mo fi òòlù so. Píìnì kan ti sán sí méjì lórí. Èkejì ti yọ jáde débi pé mo fi ìka tì í, ó mì. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo fi alùpùpù náà gbé Ṣàkírátù ìyàwó mi lọ sí Ìrè, pẹ̀lú ìkókó wa lẹ́yìn rẹ̀. Mo mú fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà mi.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbé òòlù yẹn jìnnà sí ṣéènì. Tí ẹ bá fẹ́ ra irinṣẹ́, ẹ má wo dídán tàbí títóbi. Ẹ béèrè bóyá ó ń ti píìnì jáde, tó ń tẹ pẹlẹbẹ, tó sì ń tẹ orí píìnì, kí ẹ wo nọ́ńbà ṣéènì kí ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè rí ẹnu rẹ̀ rà tí ó bá kán. Tí ọ̀kan bá wọ́n jù fún ẹnì kan, kí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta dáwó jọ rà á, ẹ jọ máa lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gùn ún, ẹ dúró ti mẹkáníìkì yín, kí ẹ máa béèrè bíi Kàdíjátù, inú tó bá fẹ́ bí i kó bí i. Tó bá jẹ́ lọ́ọ̀kì oníkílíìpù, èyí tí irin pẹlẹbẹ kékeré kan ń dì mú, ni tiyín, ẹnu kílíìpù tó là gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ṣéènì ń yí lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fò dànù.

Mo ti pe ẹni mẹ́tàdínlógún lórí fóònù. Mi ò ní nọ́ńbà gbogbo yín. Tí ó bá jẹ́ èmi Ṣàkírù ni mo so ṣéènì yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gùn ún wá. Ẹ tì í wá.