Eegun Ọmọdé Kì í Pẹ́ Jinná

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá télọ̀ ń tú ojú rírán ṣòkòtò kan tí oníbàárà ti ní ó dáa. Ó ní ó wọ́. Kò sẹ́ni tó rí ibi tó ti wọ́ àfi òun. Ká ní ó lo ojú yẹn fún ọmọ ẹ̀ ni, mi ò bá má lọ́rọ̀ sọ.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ lọmọbìnrin rẹ̀. Kì í rìn, eré ló máa ń sá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Afẹ́fẹ́. Ó ń sáré sọdá títì lọ ra òwú ni alùpùpù gbá a. Itan ọ̀tún rẹ̀ wú, ó sì tẹ̀ níbi tí itan kì í ti í tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yin àwọn òbí rẹ̀ níbi tó yẹ: wọn ò fà á, wọn ò fọwọ́ ra á. Ìyá rẹ̀ fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ ti ẹsẹ̀ náà, ó dè é, wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ya fọ́tò eegun náà, ó fi hàn wọ́n.

"Eegun itan ló kán, apá méjèèjì sì ti gorí ara wọn. Ká ní ọmọ ọwọ́ ni, POP, ìyẹn ẹfun líle tí wọ́n fi ń di eegun, ì bá tó o. Fún ọmọ tó tó báyìí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì la máa ń fi sínú eegun. Ojú ihò kékeré lókè orúnkún la máa gbà. A máa fún un lóògùn oorun, kò ní mọ nǹkan kan. Tó bá jinná tán, a máa yọ wọ́n."

"Irin? Nínú ara ọmọ mi?" Bàbá télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, eegun ọmọdé kì í pẹ́ jinná."

"Òótọ́ ni, bàbá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Bó ṣe wọ́ yìí náà ló máa ṣe jinná."

"Bàbá Afẹ́fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é," ni ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ náà ti di dókítà?" Ó gbé ọmọ lọ sílé, ó fi pátákó di itan náà fúnra rẹ̀. Orí kunkun ò sì lóògùn.

Eegun náà jinná kíá lóòótọ́. Gbogbo oníbàárà ló ń sọ fún pé òun kúkú ti wí. Nígbà tí iléèwé fẹ́ wọlé, ó pe Afẹ́fẹ́ kó wá gba ìwọ̀n ṣòkòtò. Ó wọn ẹsẹ̀ òsì, ó wọn ọ̀tún. Ó tún un wọn. Ó ju tépù náà sílẹ̀, ó mú òmíràn.

"Kí ni tépù wí?" ìyàwó rẹ̀ bi í látẹnu ọ̀nà.

"Ti ọ̀tún kúrú," ló dáhùn, kò gbójú sókè.

Nígbà tí wọ́n gbé Afẹ́fẹ́ padà lọ sílé ìwòsàn, dókítà ò bú bàbá rẹ̀. "Eegun ọmọdé lè tún díẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà, àmọ́ eléyìí ti pọ̀ jù. A máa gé e, ká tún un tò, ká fi irin pẹlẹbẹ dè é. Ojú abẹ eléyìí á gùn ju ti èyí tí à bá ti ṣe lákọ̀ọ́kọ́ lọ, ìrora rẹ̀ náà á sì jù ú lọ."

Afẹ́fẹ́ wo bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, èyí tó ti jinná yẹn, ṣé wọ́n tún máa ṣẹ́ ẹ ni?"



Ẹ̀yin òbí, bí itan ọmọ bá kán, ẹ má fà á, ẹ dè é kó dúró sójú kan, ẹ má fún un lóúnjẹ nítorí oògùn oorun tí wọ́n lè fún un, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí ẹ̀rù irin bá ń bà yín, ẹ bi dókítà títí á fi yé yín. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ má jẹ́ kó tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí dókítà á fi ní kó tẹ̀ ẹ́. Ṣòkòtò tó wọ́ ṣeé tú láìdun ẹnikẹ́ni. Itan Afẹ́fẹ́ máa dùn ún.